Ìdènà Àárín Ẹ̀jẹ̀ àti Ọpọlọ: Ìtàn Ìwádìí Kan àti Àwọn Àgbà Tí Iyè Wọn Ń Rà

Àwọn baba ńlá wa ti fún àìsàn yìí ní orúkọ kí a tó kọ ìwé kankan nípa rẹ̀. Bí àgbàlagbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a lóhùn, tí ó ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tí ó ti kú pe ọmọ rẹ̀, tí ó jáde nílé tí kò sì mọ ọ̀nà àbọ̀ mọ́, wọn a ní ó ń ṣàrán, tàbí kí wọ́n ní iyè rẹ̀ ti rà. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni ó wù wá jù. Iyè ni a fi ń rántí. Ohun tí ó bá sì ń rà, inú ara rẹ̀ ni ó ti ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí igi àjà tí omi òjò ti wọ̀. Orúkọ náà kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ilé lónìí, bí ìyá arúgbó bá ń sọ̀rọ̀ ségesège ní òru, ìfura ni ó máa ń kọ́kọ́ dé. Wọn a ní ohun tí ó ti ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀ ni ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Nígbà mìíràn, ọmọ tí ó bí ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí èyí ni a fi fẹ́ sọ ìtàn ìwádìí kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ohun tí ó lé ní 130 ọdún sẹ́yìn. Ìtàn odi ni. Ẹ̀yin ọmọ Kétu kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ohun tí ìdènà jẹ́, nítorí Àkàbà Ìdènà ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó: odi yí ìlú ká, ẹnu ọ̀nà wà lára odi, oníbodè sì wà ní ẹnu ọ̀nà láti mọ ẹni tí ń wọlé àti ẹni tí ń jáde. Ara ènìyàn pẹ̀lú ní irú ẹnu ibodè bẹ́ẹ̀, láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ. Láti ìgbà tí a ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́ rẹ̀ títí di ìgbà tí a mọ ibi tí ó dúró sí gan-an, ó gba 82 ọdún. Ó sì tún pẹ́ lẹ́yìn náà kí ẹnì kan tó béèrè bí oníbodè ṣe ń ṣe bí òun náà bá darúgbó.

Aró ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1885, ní ìlú Berlin, Paul Ehrlich, oníṣègùn ará Jámánì tí kò tíì ju ẹni ọdún 31 lọ, ń fi aró ṣe ìwádìí lára ẹranko. Àkókò náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Jámánì ń ṣe oríṣiríṣi aró tuntun tí a kò fi ewé pò. Ehrlich a máa tú aró sínú ẹ̀jẹ̀ ẹranko, a sì máa la ara rẹ̀ wò láti mọ ibi tí aró náà dé. Ẹ̀dọ̀ rẹ́, kíndìnrín rẹ́, ọkàn àti ẹran ara pẹ̀lú rẹ́. Ọpọlọ àti mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn nìkan ni kò rẹ́. Funfun ni wọ́n wà bí ẹni pé aró kò kọjá lọ́dọ̀ wọn rí.

Kí ni ó fà á? Ìyá aláró wa mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni aṣọ fi lè bọ́ lọ́wọ́ aró. Ó lè jẹ́ pé òwú aṣọ náà kì í gba aró. Ó sì lè jẹ́ pé a ti fi ọ̀kọ́ dì í, bí a ti ń ṣe ní àdìrẹ, kí aró má baà dé ibẹ̀. Ehrlich mú ti àkọ́kọ́: ó ní ọpọlọ kì í fa irú aró bẹ́ẹ̀ mọ́ra ni. Ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1908 nítorí iṣẹ́ mìíràn ni, orúkọ rẹ̀ sì tóbi, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò rọrùn láti tì ṣubú.

Ẹni tí ó tì í ṣubú ni akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Edwin Goldmann. Ní ọdún 1909, Goldmann tú aró aláwọ̀ búlúù sínú ẹ̀jẹ̀ ẹranko, ó sì rí ohun tí ọ̀gá rẹ̀ rí: gbogbo ara di búlúù, ọpọlọ wà ní funfun. Lẹ́yìn náà ni ó yí ìbéèrè náà po, ohun tí ó sì rí jáde ní ọdún 1913. Ó fi aró kan náà sínú omi tí ó yí ọpọlọ ká, dípò kí ó fi í sínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà yìí ọpọlọ rẹ́ dáadáa, aró náà kò sì kọjá sí ara yòókù. A jẹ́ pé òwú náà ń gba aró. Dídì ni a dì í. Ohun kan wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tí ó ń dá aró dúró, lápá ìhín àti lápá ọ̀hún. Max Lewandowsky ti rí ohun tí ó jọ èyí ní ọdún 1900, nígbà tí ó rí i pé àwọn nǹkan kan wà tí kì í pa ẹranko lára bí a bá fi wọ́n sínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ń dá wàhálà sílẹ̀ bí a bá fi wọ́n sẹ́bàá ọpọlọ tààrà. A máa ń fi ìdánwò Goldmann yìí han àwọn ọmọ kíláàsì wa, nítorí pé owó kékeré ni ó ná an, kò sì ní ẹ̀rọ ńlá kan: yíyí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ padà ni ó fi rí ohun tí ojú kò rí.

Nínú ìwé púpọ̀, orí Ehrlich àti Goldmann ni ìtàn ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ yìí ti ń parí. Èyí kò tọ́ lójú wa, nítorí ẹni tí ó sọ ìdènà náà lórúkọ, tí ó sì fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wádìí rẹ̀, obìnrin kan ni, èdè Faransé sì ni ó fi sọ ọ́ lórúkọ.

A bí Lina Stern ní ọdún 1878 sínú ìdílé Júù, ní abẹ́ ìjọba ọba Rọ́ṣíà. Ní ìgbà náà, ilé ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ Rọ́ṣíà ṣòro fún obìnrin láti wọ̀, ó tún ṣòro fún Júù. Ẹni tí ó bá jẹ́ méjèèjì pọ̀, ọ̀nà òkèèrè ni ó kù fún un. Ó lọ sí Geneva, ní ilẹ̀ Suwísí, ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn níbẹ̀, ó sì dúró ṣe ìwádìí. Ní ọdún 1918, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Geneva. Ní ọdún 1921, òun àti Raymond Gautier gbé iṣẹ́ wọn jáde. Wọ́n ti fi oríṣiríṣi nǹkan sínú ẹ̀jẹ̀ ẹranko, wọ́n sì ti wo èyí tí ó dé inú omi ọpọlọ àti èyí tí kò dé ibẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn nǹkan kan ń wọlé, àwọn mìíràn kò wọlé rárá. Ògiri lásán kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń yàn nínú àwọn tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, oníbodè ni. Wọ́n pè é ní « barrière hémato-encéphalique ».

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń bá orúkọ gígùn yìí pàdé nínú ìwé ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí, kì í ṣe ìtumọ̀ ni ẹ ń kà. Orúkọ tí Stern fi pè é gan-an ni. Àwa ni ó kù fún láti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa, a sì rò pé « ìdènà àárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ » tó fún un.

Ní ọdún 1925, Stern fi Geneva sílẹ̀, ó lọ sí Moscow, nítorí ó gbà pé ìjọba tuntun tí ó wà níbẹ̀ yóò fi àyè gba ìmọ̀ àti obìnrin. Fún ìgbà díẹ̀, ó jọ pé ó tọ̀nà. Wọ́n fi í ṣe olórí ilé ìwádìí. Ní ọdún 1939, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ kíkún nínú Akadémì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Sófíẹ̀tì. Kò fi ìdènà náà sílẹ̀. Nígbà tí oògùn streptomycin jáde ní àwọn ọdún 1940, àwọn ọmọdé tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti wọ awọ ọpọlọ wọn ṣì ń kú, nítorí oògùn tí a gún sínú ẹran ara kì í kọjá dáadáa sí ọ̀dọ̀ ọpọlọ. Stern ti mọ ìdí rẹ̀ ṣáájú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí a gbé oògùn náà kọjá oníbodè, kí a fi í sínú omi ọpọlọ tààrà, àwọn ọmọ kan sì yè é.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wà nínú ìgbìmọ̀ àwọn Júù tí ń bá Hitler jà. Lẹ́yìn ogun, ìjọba Stalin sọ ìgbìmọ̀ náà di ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n mú Stern ní oṣù kìíní ọdún 1949, ẹni 70 ọdún ni. Ní ọdún 1952, wọ́n ṣe ẹjọ́ wọn ní ìkọ̀kọ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n yìnbọn pa 13 nínú àwọn tí wọ́n jọ jẹ́jọ́. Ẹlòmíràn kú sí ẹ̀wọ̀n. Stern nìkan ni ó yè: wọ́n lé e lọ sí Dzhambul, ní ilẹ̀ Kazakhstan. Stalin kú ní oṣù kẹta ọdún 1953, obìnrin náà sì padà sí Moscow lọ́dún kan náà, ó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó kú ní ọdún 1968.

Ọdún kan kí ó tó kú ni a rí ibi tí ìdènà náà wà. Ìjà pọ̀ lórí rẹ̀ ṣáájú: àwọn kan ní ara òpó ẹ̀jẹ̀ ni, àwọn mìíràn ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó fi ẹsẹ̀ gbá òpó ẹ̀jẹ̀ mú láti ìta ni. Awò lásán tí ń sọ kékeré di ńlá kò lágbára tó láti parí ìjà náà. Ní ọdún 1967, ní Yunifásítì Harvard, Thomas Reese àti Morris Karnovsky fi èròjà kan tí ó ṣeé rí sínú ẹ̀jẹ̀ eku, wọ́n sì fi awò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wo ibi tí ó dúró. Ó dúró síbi tí sẹ́ẹ̀lì méjì ti pàdé lára ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín. Ní ara yòókù, àlàfo máa ń wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí, omi àti nǹkan kéékèèké a sì máa gba ibẹ̀ kọjá. Ní ọpọlọ, ẹnu sẹ́ẹ̀lì kan lẹ̀ mọ́ ti èkejì típẹ́típẹ́, bí aṣọ tí a rán tí abẹ́rẹ́ kò fi àyè sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ro bí odi náà ti gùn tó. Bí a bá so gbogbo òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín inú ọpọlọ ènìyàn kan pọ̀, wọn yóò tó bí i 600 kìlómítà, ó gùn ju ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Parakou lọ. Ní gbogbo gígùn yẹn, kò sí ibi tí ìṣọ́ kò sí, àyàfi àwọn ojú kéréje kan tí ọpọlọ fi ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Afẹ́fẹ́ tí a ń mí kọjá láìbéèrè, ọtí pẹ̀lú ń kọjá, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti mu ún yó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣúgà ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, àwọn èròjà tí ara fi ń kọ́ ẹran pẹ̀lú ní tiwọn. Àwọn ilẹ̀kùn mìíràn wà tí ó ń ti ìdọ̀tí jáde láti inú ọpọlọ sínú ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì mìíràn tún wà tí ó gbá òpó náà mọ́ra láti ẹ̀yìn, tí wọ́n ń pè ní pericyte. Bí ó bá sí níbẹ̀, ògiri a dúró. Bí ó bá kú, ògiri a bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Ọ̀nà mìíràn ni ìtàn iyè rírà gbà ní gbogbo àkókò yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1901, wọ́n gbé obìnrin ẹni 51 ọdún kan, Auguste Deter, wá sí ilé ìwòsàn ní Frankfurt. Kò rántí nǹkan mọ́, ó ń fura sí ọkọ rẹ̀, ó ń kígbe. Alois Alzheimer ni oníṣègùn tí ó jókòó tì í, tí ó ń kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1906, Alzheimer gba ọpọlọ rẹ̀, ó fi aró rẹ ẹ́, aró náà ni, ó sì rí òkìtì ìdọ̀tí láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì àti okùn tí ó lọ́ pọ̀ nínú wọn. Ó sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tübingen ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Ní ọdún 1910, Emil Kraepelin fi orúkọ rẹ̀ pe àìsàn náà nínú ìwé ńlá rẹ̀.

Fún nǹkan bí 50 ọdún, àwọn oníṣègùn ka àìsàn Alzheimer sí ti àwọn tí kò tíì darúgbó. Ti àwọn arúgbó, wọ́n ní òpó ẹ̀jẹ̀ wọn ni ó ti le, tàbí wọ́n ní ọjọ́ orí lásán ni. Láti ọdún 1968, nígbà tí àwọn oníwádìí ní Newcastle ka òkìtì ìdọ̀tí inú ọpọlọ àwọn arúgbó tí ó ti kú, èrò yí padà pátápátá: ìdọ̀tí náà di ẹlẹ́bi kan ṣoṣo, a sì gbàgbé òpó ẹ̀jẹ̀. A rò pé ìgbàgbé yìí fi ìmọ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀rí tí ó yẹ kí ó ti rán wa létí wà níbẹ̀: nígbà tí George Glenner àti Caine Wong kọ́kọ́ yọ púrótéènì òkìtì náà, amyloid, sọ́tọ̀ ní ọdún 1984, ara òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó bo ọpọlọ ni wọ́n ti yọ ọ́.

Ọ̀nà méjèèjì pàdé ní ọ̀rúndún tí a wà yìí. Àwọn oníwádìí rí i pé ìdènà ní ilẹ̀kùn tí ó ń gbé amyloid jáde kúrò nínú ọpọlọ, àti òmíràn tí ó ń gbé e wọlé. Ní ọdún 2010, a fi hàn lára eku pé bí pericyte bá ti ń dín kù pẹ̀lú ọjọ́ orí, ìdènà a máa jò, àwọn púrótéènì inú ẹ̀jẹ̀ tí ó jẹ́ májèlé fún ọpọlọ a sì máa wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Eku kì í ṣe ènìyàn, àwọn kan sì sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2015, ẹgbẹ́ Berislav Zlokovic ní Los Angeles lo ẹ̀rọ IRM láti wo ìjò náà lára ènìyàn tí ó wà láàyè. Wọ́n rí i ní hippocampus, apá kékeré kan nínú ọpọlọ níbi tí ìrántí tuntun ti ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí ọjọ́ orí ti ń gòkè ni ìjò náà ń pọ̀ sí i. Lára àwọn tí iyè wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rà díẹ̀, ó pọ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ní ọdún 2019, wọ́n fi kún un pé a lè rí ìjò náà lára àwọn tí ìgbàgbé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn, ìbáà jẹ́ pé amyloid pọ̀ ní ọpọlọ wọn tàbí kò pọ̀.

Àríyànjiyàn kò tíì tán. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ìjò ni ó ṣáájú. Àwọn mìíràn ní ìdọ̀tí ni ó ba ògiri jẹ́. Àwọn kan sì ní ìjò náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ lè ṣì í rí. Ní tiwa, a gbà pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀ràn náà yí po bí òṣùká: ìjò ń kó ìdọ̀tí jọ, ìdọ̀tí ń mú ìjò pọ̀ sí i. Ohun tí gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ń ba òpó ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ jẹ́, àti pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ru ní ọjọ́ orí 50 láìtọ́jú, ewu iyè rírà pọ̀ fún un ní ọjọ́ orí 75.

Níbí ni ìtàn náà ti kan Yorùbá. Láti ọdún 1992, Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana jọ tẹ̀ lé àwọn àgbà tí ó ti tó 65 ọdún, ní Ìbàdàn àti láàárín àwọn Aláwọ̀dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Benjamin Osuntokun àti Hugh Hendrie ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Adesola Ogunniyi bá wọn gbé e lọ. Ìbéèrè tí wọ́n lò kò gba kíkà àti kíkọ, wọ́n sì ń bi ará ilé léèrè bí àgbà náà ti ń ṣe nílé, nítorí ẹni tí kò lọ sí ilé ìwé rí lè dà bí aláìsàn níwájú ìdánwò tí a ṣe fún akọ̀wé. Èsì jáde ní ọdún 2001. Lọ́dọọdún, iyè rírà ń bá 3.24 nínú 100 àwọn àgbà ní Indianapolis. Ní Ìbàdàn, 1.35 ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú kéré ní Ìbàdàn ju ti Indianapolis lọ.

Ohun mìíràn wà nínú rẹ̀ tí ó ṣòro láti tú. Láti ọdún 1993 ni a ti mọ̀ pé jíìnì kan, APOE4, ń sọ ewu àìsàn Alzheimer di púpọ̀ láàárín àwọn Òyìnbó. Ní ọdún 2020 sì ni ẹgbẹ́ Zlokovic fi hàn pé ìdènà àwọn tí ó ní jíìnì yìí ti ń jò kí iyè wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Jíìnì náà wọ́pọ̀ láàárín àwọn Yorùbá Ìbàdàn, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ lórí wọn kéré gan-an sí ohun tí a rí ní òkèèrè. Oníbodè kan náà ni, pẹ̀lú àléébù kan náà nínú ẹ̀jẹ̀, ìlú kan wó, èkejì dúró. Ó ṣòro fún wa láti má ronú nípa oúnjẹ, ìrìn ẹsẹ̀, àti bí òpó ẹ̀jẹ̀ ti rí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ààbò náà kì í ṣe ogún tí yóò wà títí láé, nítorí ọmọ Ìbàdàn tàbí ọmọ Àjàṣẹ́ lónìí kì í rìn bí bàbá rẹ̀ ti rìn.

Ní ilẹ̀ Benin tiwa náà, àwọn oníwádìí ti lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ní Djidja, ní abúlé, nǹkan bí 2.6 nínú 100 àwọn àgbà tí ó ti lé ní 65 ọdún ni wọ́n rí tí iyè wọn ti rà. Ní Kútọnù, nínú ìlú ńlá, 3.7 ni. Iye náà kò pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tí ó wà nínú rẹ̀ ní ilé, wọ́n ní orúkọ, àwọn kan nínú wọn sì ń gbé láàárín ẹbí tí kò mọ̀ ju pé ìyá ti yí padà lọ. Ìyá náà kò jẹ́wọ́ ohunkóhun ní òru. Àlá, ìbẹ̀rù àti ìrántí àtijọ́ ti dàpọ̀ mọ́ ara wọn lórí ahọ́n rẹ̀, níwọ̀n bí ọpọlọ rẹ̀ kò ti lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ bi í ní ìbéèrè, kí ó kọ́kọ́ mú un lọ sí ibi tí wọn yóò ti wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ní ti ìwòsàn, ohun kan wà tí ó dà bí ẹ̀fẹ̀. Ìdènà tí ó ń jò yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí oògùn wọlé. Ibi tí ó ti ń jò kò pọ̀, ojú rẹ̀ sì kéré. Oògùn ńlá tí a fi ń gbógun ti amyloid, irú lecanemab tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2023, díẹ̀ kíún nínú rẹ̀ ni ó ń dé ọpọlọ. Ó ń dẹ́kun ìsáré àìsàn náà díẹ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ àwọn kan wú, ti àwọn mìíràn ṣẹ̀jẹ̀, nítorí òpó ẹ̀jẹ̀ tí oògùn náà gbà kọjá ti hẹ́gẹhẹ̀gẹ tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń gbìyànjú láti ṣí ilẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀. Ní ọdún 2024, ní West Virginia, wọ́n ròyìn ènìyàn mẹ́ta tí a ṣí ìdènà apá kan ọpọlọ wọn nígbà tí wọ́n ń gba irú oògùn bẹ́ẹ̀: apá tí a ṣí mọ́ ju apá tí a kò ṣí lọ. Toronto, ní Kánádà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán ṣíṣí náà wò lára àwọn tí ó ní àìsàn Alzheimer, ènìyàn márùn-ún, iṣẹ́ tí ó jáde ní ọdún 2018. Wọ́n fi ìfòfó afẹ́fẹ́ tíntìntín sínú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n sì darí ìgbì ìró tí etí kò lè gbọ́ sí ojú kan nínú ọpọlọ, títí àwọn ìfòfó náà fi ń gbọ̀n lára ògiri òpó ẹ̀jẹ̀, tí ẹnu àwọn sẹ́ẹ̀lì sì yà díẹ̀. Wọn kò fi oògùn kankan kọjá lọ́jọ́ náà. Wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kò ní pa aláìsàn lára ni. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n tún fi IRM yàwòrán rẹ̀, ilẹ̀kùn náà ti padà tì.